Ìyá Kòsílé Ló Ń Ṣàìsàn

Ore, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́

Ayọ̀mídé ọmọ mi, ìwọ tí o kọ́ ìyá rẹ ní èdè ìyá rẹ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú ẹrù gbígbé, mo sì kí ọ kú ilé àjèjì. Ọkọ̀ tó gbé ọ lọ sí Àkúrẹ́ kò tíì kúrò ní gáréèjì tí Màmá Odigbo ti ń bi mí bóyá o ti jẹun. Mo ní, "Màmá, ọmọ náà ṣì ń juwọ́ sí yín láti ojú fèrèsé." Ó ní ìyẹn ò ní kí ebi má pa á.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, inú rẹ dùn débi pé mi ò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ. O ní wọ́n ti fi yàrá ìdánrawò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lé ọ lọ́wọ́. O ní ọmọlangidi wọn tó tuntun ń mí, ó ń ṣẹ́jú, ó ń làágùn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ṣe àṣìṣe lára rẹ̀, ẹ̀rọ ara rẹ̀ á ké. O wá ní, "Mọ́mì, mi ò tún nílò aláìsàn kankan mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Irú rẹ̀ gan-an ni mo sọ nígbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n ti yàrá tèmi pa.

Yorùbá ni mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀, nítorí ìwọ lo sọ pé bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà, ṣe ló máa ń dà bíi pé lọ́yà ló kọ ọ́. Mo kúrò ní Odigbo kí eyín iwájú mi tó hù padà tán, ìwọ náà sì mọ ibi tí èdè mi ti ń kọsẹ̀. Níbi tí àmì bá ti ṣìnà, rẹ́rìn-ín, kí o máa kà á lọ.

Èkíní, ọma mi, bí Màmá ṣe máa ń pe ọmọ: jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ máa kí ọmọlangidi náà.

Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Ore níbí, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yá ju tàwọn tí mo bá kàwé lókè òkun lọ. Wọ́n á wọlé, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á di ẹ̀rọ ìfúnpá, tí a fi ń mọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ru, mọ́ ọmọlangidi lápá, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n ti jáde. Inú mi ń dùn. Mo wá kó wọn lọ sí wọ́ọ̀dù. Dáre ló kọ́kọ́ wọlé, ọmọkùnrin gíga kan báyìí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó létí ibùsùn, ó gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, kò sọ nǹkan kan, ó gbójú sókè, ó ń ka bí ọkàn bàbá ṣe ń lù. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ojú Dáre, ó wá yíjú sí ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì, ó bi í pé, "Kí ni mo jí lọ́wọ́ ọmọ yìí?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan nínú wọn ń bi ìyá arúgbó kan tó wá láti Araromi-Obu pé, "Ṣé o ti tọ̀?" Ìyá náà kàn fa aṣọ borí ni.

Mo rò ó títí kí ó tó yé mi. Ọmọlangidi ò lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé, bóyá "ẹ" ló tọ́ sí i tàbí "o". Àwọn ọmọ yìí ti fi ọ̀pọ̀ oṣù dánra wò lórí ẹni tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Ọlátúndé, kì í pariwo. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n jókòó, ó sì fún mi lómi. Ó ní, "Sìsí Lọ́ńdọ̀n, ara ọmọlangidi yín ti yá. Àwọn aláìsàn ńkọ́?" Ó ní òun máa jókòó síbi ìdánwò ìparí sáà fúnra òun. Bí àwọn ọmọ náà ò bá tíì lè bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara sọ̀rọ̀, òun á ti yàrá náà, òun á sì máa kó àwọn mátírẹ́ẹ̀sì tí wọn ò lò sínú rẹ̀. Nítorí yàrá yẹn ni mo ṣe kó ìwọ àti ẹrù wa wá sílé, Ayọ̀mídé. Bí wọ́n bá tì í, mi ò mọ ohun tí mo tún ń ṣe ní Ore.

Èkejì: wá àwọn ènìyàn tí á máa ṣe aláìsàn fún ọ, àwọn tó lọ́jọ́ orí, tó lẹ́nu, tó sì lè bínú. Ṣùgbọ́n má ṣe wá wọn bí mo ṣe wá tèmi.

Ilé àdúrà Màmá ní Odigbo ni mo lọ. O mọ̀ pé òun ni ìyá ìjọ wọn, ó sì ti jẹ́ àbúrò ìyá mi kó tó jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn ni, àwọn obìnrin ṣì wọ aṣọ àdúrà wọn. Mo dìde, mo sọ ohun tí mò ń wá, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín àìsàn bí ẹni ń pín súìtì. "Ìyá Sáyọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ní àtọ̀gbẹ. Ìyá Bọ̀dé, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni tiyín." Ìyá Bọ̀dé fọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ju ohun tó ṣa lórí síta láti ẹnu ọ̀nà, ó ní òun kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Ó wá jókòó padà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ tí o pín in yẹn, èwo lo fi sílẹ̀ fún ara rẹ?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ìdí ọ̀kadà. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sìn mí jáde, ó ní a kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn wọlé. Mo ní eré ni. Ó ní, "Ẹnu ò mọ eré."

Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ìgbàgbọ́ àwọn ará ilé mi fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohun kan bá ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, má fi ṣe yẹ̀yẹ́, má sì bá wọn jiyàn. Wò ó dáadáa, o lè rí i pé àwọn fúnra wọn ti mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Àjíǹde ni tèmi hàn sí mi. Ní ilé àdúrà yẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe eré Lásárù, Bọ̀dá Sámúẹ́lì, káfíńtà tó ń wá láti Agbabu, ló sì máa ń kú. Wọ́n á fi aṣọ funfun dì í láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn obìnrin á sun ún lẹ́kún, ẹni tó ń ṣe Jésù á pè é, á sì jáde. Mo jókòó ti Màmá, mò ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọmọdé, àfi bí mo ṣe dákẹ́ lójijì. Mo ní, "Màmá, Bọ̀dá Sámúẹ́lì ń kú lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ yí orí ká."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí kò gbọ́n. "Lásárù ló kú. Aṣọ Lásárù ló wà lára rẹ̀. Bó bá bọ́ ọ, a ó pe orúkọ tirẹ̀, á dáhùn, á bọ́jú, á jẹun. Ta ló wá kú?"

Mo ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó yíjú sí mi pátápátá. "Háà. Èmi lo fẹ́ fi ṣe Lásárù."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ jẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é. Aláìsàn náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ní gbogbo agbègbè yìí. Ó gbọ́dọ̀ ní aṣọ tirẹ̀ tí kò ní bá ẹnikẹ́ni délé. Àdúrà gbọ́dọ̀ wà ṣáájú, kí ó sì wà lẹ́yìn, oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ wà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Kòsílé. Ó ní bí àìsàn bá wá a dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Wọ́n kọ́ wa nílùú òyìnbó pé ẹni tó bá ṣe aláìsàn nínú ìdánrawò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kúrò lára kí ó tó máa lọ sílé, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Àṣejù ni mo kà á sí. Àsìkò mímu tíì ni mo máa ń pè é. Ilé àdúrà Odigbo ni ó ti wá yé mi.

A bẹ̀rẹ̀, Ayọ̀mídé, ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀. A ra ìró aláwọ̀ búlúù kan tó ní ẹyẹ lára fún Ìyá Kòsílé. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tí kò jinná ni mo fún un, èmi àti Màmá la sì jọ fi láfún àti epo pupa pò ó ní ilé ìdáná. Bí a ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tán ni eṣinṣin bà lé e. Màmá wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ó dára. Eṣinṣin ti gbà á gbọ́." Ìyá Bọ̀dé tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́ pé oúnjẹ wà níbẹ̀, òun náà wá béèrè bóyá ó ku aṣọ. Àwọn obìnrin yẹn fojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí màbo. Bí ọmọ kan bá wọlé láìkí wọn, wọ́n á yíjú sí ògiri, aláìsàn kankan ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọmọ náà á fi jáde lọ tún wọlé.

Ìwọ wà nílé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Gbogbo ohun tí a sọ fún ọ kò ju pé Màmá ti ń lo oògùn. Bó ṣe jẹ́ rèé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ìyáàfin Ọlátúndé gbé àga sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó jókòó. Ìyá Sáyọ̀ bá Màmá gbàdúrà, ó ró ìró Ìyá Kòsílé fún un, Màmá gun orí ibùsùn. Dáre ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó wọlé, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ara yín ńkọ́?"

Màmá ní ara Ìyá Kòsílé ò yá, ó bi Dáre pé ọmọ ta ni. Ó sọ ilé wọn, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun di nǹkan kan mọ́ wọn lápá, pé ó máa fún wọn díẹ̀. Mo yọ́jú wo ọ̀gá. Ó ń mi orí. Mo ní nínú mi pé, a ti bọ́.

Àfi bí Dáre ṣe wo ẹ̀rọ ìfúnpá, tó tú u, tó dúró, tó tún dì í. Ó tún tú u, ó dì í mọ́ apá kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọ̀gá wo aago. Ìfúnpá Ìyá Kòsílé kò ga nínú eré tí mo ṣètò. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ni ìdánwò náà. Mo ṣebí ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà. Mo rọra sọ láti ibi tí mo dúró sí pé, "Dáre, ẹsẹ̀."

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ wá wò ó. Èyí kì í ṣe eré."

Ayọ̀mídé, òtítọ́ ni mò ń sọ fún ọ, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni yàrá mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ó máa bá eré lọ kí ọ̀gá tó dìde. Kí n tó yanu, Dáre ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá, ṣé orí máa ń fọ́ yín?"

Màmá di etí ìró náà mú. Èdè Ìkálẹ̀ tirẹ̀ ló fi dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní, "Orí máa ń fọ́ Ìyá Kòsílé. Ó ti pẹ́. Bó bá dìde lórí ẹní, ilé á máa yí i lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo lọ sídìí ibùsùn, mo wọ̀n ọ́n fúnra mi, ohun tí Dáre rí ni mo rí: ẹ̀jẹ̀ Màmá ń ru gidigidi. Mo dá eré dúró. Ìyá Sáyọ̀ tú ìró náà, ó pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Màmá dáhùn, ó bọ́jú. Mo yíjú sí ọ̀gá, mo rí i tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú báàgì rẹ̀. Òun ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù.

Níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, nọ́ọ̀sì bi Màmá lórúkọ. Màmá ní, "Ìyá Kòsílé." Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ìyáàfin Ọlátúndé wò mí, èmi náà wò ó. Ni Màmá bá gbé ọwọ́ lé orí ìwé náà.

"Dúró, ọma mi. Dọ́kásì Akíndùró ni kí o kọ. Èmi ni orí ń fọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn nìyẹn. Ó ti lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ní kí ó dín iyọ̀ kù, ó sì ti dín in kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Odigbo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọbẹ̀ náà. Omi àdúrà ló fi ń gbé oògùn mì. Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lòdì. Dókítà ní omi ni omi.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Ọlátúndé ti wà nínú yàrá mi, ó ń tẹ ibùsùn wò. Ó ní òun ò tì í mọ́. Ó ní ṣùgbọ́n kí n wá ibùsùn tó rẹlẹ̀ ju èyí lọ, nítorí àgbà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní ta ló ń ṣe aláìsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí òun mọ bí a ṣe ń kérora.

Ẹ̀kẹta ti wà nínú ohun tí mo sọ, àmọ́ màá là á yé ọ: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, gbà á gbọ́ ṣáájú ètò rẹ. Ìdánrawò kì í ṣe irọ́. Ẹni tó sùn sórí ibùsùn yẹn ní ẹ̀jẹ̀ lára. Bí ọmọ kan bá ní kí o wá wò ó, dìde lọ wò ó, ì báà ṣe ọ̀gá àgbà pátápátá ló jókòó síbẹ̀.

Bí eré bá parí, kí o kó gbogbo wọn jókòó, aláìsàn ni kí o jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Má fi ìbáwí bẹ̀rẹ̀. Ìyá Bọ̀dé á sọ ohun tí ìwọ fi odindi sáà kọ́ wọn tí kò wọ̀ wọ́n létí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, wọn ò ní gbàgbé láéláé.

Mi ò pa ọmọlangidi tì o. Òun ni a lè gún lábẹ́rẹ́ títí ọwọ́ á fi mọ́, kò ní ké, kò ní bú ìyá ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ọwọ́ wọn yá lára rẹ̀. Ìyókù ọ̀dọ̀ ènìyàn ni kí wọ́n ti kọ́ ọ.

Jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Bí o bá gun ọ̀kadà, dé akoto. Ọmọkùnrin tó bá ọ gbé àpótí ní gáréèjì, tí o ní akẹgbẹ́ rẹ lásán ni: mo rí i, Màmá náà rí i. Ó kí wa dáadáa. Èmi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí o gbà yìí á yẹ ọ́, ọmọ mi. Àwọn tí o bá kọ́ á gba ẹ̀mí là, ẹnu wọn á tura fún aláìsàn, ọwọ́ wọn á rọ̀. Ayọ̀ tó mú ọ dé bá mi ò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ.

Mo fẹ́ pa lẹ́tà dé, ṣùgbọ́n Màmá jókòó tì mí, ó ní ọ̀rọ̀ òun kù. Ó ní òun gbọ́ pé o ò nílò aláìsàn. Ó ní òun ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, Ìyá Kòsílé ló ń bọ̀, kí o wá ibùsùn tí kò ga. Ó ní kí o sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ pé bí wọn ò bá kí òun dáadáa, Ìyá Kòsílé á kú mọ́ wọn lọ́wọ́, òun á sì dìde lọ jẹun.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn káàkiri Ore,

Mọ́mì